Àdúrà Mi Lábẹ́ Igi Óákù

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Obìnrin tó gba ọkọ mi, èmi ni mo mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo ra sùtánà àkọ́kọ́ tó wọ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi kó ẹrù kúrò nílé wa ní Upney nílùú òyìnbó níbí, tó lọ bá a ní Beam Park, mi ò sunkún. Ikú ni mo fẹ́ fún obìnrin náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa a máa lọ gbàdúrà nínú igbó kan ní àfonífojì, tí kò jìnnà sí Dagenham. Àwọn igi óákù tó wà níbẹ̀ ti gbó ju baba ńlá ẹnikẹ́ni lọ, àwọn ará àtijọ́ sì ti gé gbogbo wọn lórí. Àwa aládùúrà kì í sì í fẹnu lásán gbàdúrà. Ohun tí ojú bá rí la fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún Ọlọ́run. Mo bọ́ bàtà, mo gbé ọwọ́ lé igi kan tí inú rẹ̀ ti dá ihò, mo ka Sáàmù kọkàndínláàádọ́fà.

"Olúwa, bí wọ́n ti gé igi yìí lórí, gé obìnrin yẹn! Bó ti rí fún igi yìí gan-an ni kó rí fún un!"

Òjò ni o, òtútù ni o, ní gbogbo Sátidé, mi ò pa á jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pàdé obìnrin náà ní Heathway, ńṣe ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán. Ó tún kúnlẹ̀ kí mi, aláìnítìjú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ mi obìnrin ló fi mọ́tò gbé mi lọ. Mo ti ń pariwo àdúrà náà nígbà tó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Mummy, wọn ò gé e kó kú now. Gígé yẹn ló jẹ́ kó pẹ́ láyé. Àwọn tí wọn ò gé, atẹ́gùn ti wó wọn since. Ó wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà, ẹ ò kà á ni?"

Mo yọ ọwọ́ mi bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. Odindi ọdún kan! Èmi ni mo fẹnu ara mi tọrọ ẹ̀mí gígùn fún ọ̀tá mi.

Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi náà, mo ronú. Ọkọ mi fi ọdún púpọ̀ ju obìnrin náà lọ, orúnkún sì ti ń dùn ún. Èmi ni mo wẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi kú. Bí mo ṣe ń nù ún nídìí ló ń bú mi, ló ń tutọ́ sí mi lára. Ọkọ mi sì jọ bàbá rẹ̀ láìkù síbì kan.

Mo dìde, mo gbé ọwọ́ padà sára igi.

"Olúwa, má yí àdúrà yẹn padà. Jẹ́ kó pẹ́ láyé. Jẹ́ kí bàbá ọmọ yìí náà pẹ́, kí àwọn méjèèjì jọ darúgbó nínú ilé kan náà."

Ọmọ mi ṣe àmín, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Ó rò pé mo ti dárí jì wọ́n.