Ibi Tí Wọ́n Tò Mí Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Lálúpọn, òórùn pákí tó ti kan ló ń jí wa láàárọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí agbègbè yẹn, ẹ ó rántí. Bí a bá ti ilé ìwé dé, a ó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, a ó jókòó ti òkìtì pákí, a ó sì máa bó o. Ẹni tó bá ń fi ọ̀bẹ ṣeré, Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á fọ́ ọ létí. Ṣùgbọ́n bí gàrí bá ń gbóná lọ́wọ́ nínú agbada, àwọn náà ló máa ń bù ú sí wa lọ́wọ́, a ó sì fi àgbọn jẹ ẹ́. Háà! Kò sí bísíkíìtì tó dùn tó o.

Ìgè ni wọ́n sọ mí, nítorí ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú jáde nígbà tí wọ́n bí mi. Ara ọmọbìnrin ni mo gbé wáyé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, tí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní ọmọbìnrin, ṣe ló ń dà bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ẹ má wá sọ pé ọkùnrin ló wù mí láti jẹ́ o. Ìyẹn náà kò bá mi mu. Mò ń bá àwọn ọmọbìnrin ṣe tẹ́ńtẹ́ń, mò ń bá àwọn ọmọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù, gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi. Ìgbà tí wọ́n bá ní kí a pín sí méjì ni ìdààmú mi ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ pè é?

Eré sísá nìkan ni kì í dààmú mi. Bí Ìyá àgbà bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, wọ́n á tutọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní, "Itọ́ yìí ò gbọdọ̀ gbẹ kí o tó dé." Àwọn ọmọ yòókù á máa kùn. Èmi á ti fò jáde. Tí mo bá ń sáré lọ lójú ọ̀nà oko, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú, n kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, n kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Inú mi á máa dùn ṣáá.

Nígbà tó wá di ọdún tí ilé ìwé wa fẹ́ mú àwọn tí yóò lọ sáré n'Ìbàdàn, Tíṣà eré ìdárayá kó gbogbo wa jọ sí pápá. "Ọkùnrin, abẹ́ máńgòrò! Obìnrin, ẹ̀gbẹ́ ògiri!" Ẹsẹ̀ mi kò gbé nílẹ̀. Mo dúró sí àárín gbùngbùn pápá, gbogbo ilé ìwé sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà fi pàṣán nà mí, wọ́n ní agídí ni mò ń ṣe. Mo fi omijé bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sá eré ọ̀nà jíjìn, èyí tó jẹ́ ti àwọn ọmọkùnrin nìkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ, pé n kò ní pẹ́ yà sínú igbó.

Mi ò yà síbì kankan. Èmi ni mo gba ipò kìíní. Ni ariwo bá sọ: "Obìnrin bí ọkùnrin! Obìnrin bí ọkùnrin!" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyìn ńlá nìyẹn lẹ́nu àwọn ará ilé wa. Wọ́n gbé mi sọ́rùn, inú wọn ń dùn, èmi sì ń sunkún lórí ọrùn wọn. Orúkọ méjì tí kò bá mi mu ni wọ́n so pọ̀ tí wọ́n fi ń yìn mí. Lọ́jọ́ kejì, bàbá ọmọkùnrin tó ṣe ipò kejì fi ìbínú wá sí ọ́fíìsì ilé ìwé, pé ta ló ní kí obìnrin dúró láàárín ọkùnrin. Tíṣà fagi lé eré mi. Wọ́n ní tí n bá ṣì fẹ́ lọ Ìbàdàn, kí n lọ dúró láàárín àwọn ọmọbìnrin kí n sá eré kúkúrú, tàbí kí n jókòó sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ lọ Ìbàdàn bí ẹni máa kú. Ṣùgbọ́n mo rò pé tí mo bá fi lè dúró síbẹ̀, mo ti gbà pé ohun tí wọ́n pè mí náà ni mo jẹ́. Mo lọ bá Ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń bó pákí. Mo ní, "Ìyá àgbà, tí n kì í bá ṣe ọkùnrin, tí n kì í sì í ṣe obìnrin ńkọ́?"

Wọn ò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Bó o ṣe wá ni mo ṣe gbà ọ́, mi ò bi ọ́ ní ìbéèrè. Ọ̀nà kan ò wọjà. Àwọn tó ń tò yín, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ dúró sí ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ inú rẹ. Lọ sáré rẹ." Lẹ́yìn náà ni wọ́n na ọ̀bẹ sí mi. "Ọkùnrin o, obìnrin o, ẹni tí kò bá bó pákí ò ní jẹ gàrí nílé yìí." Ẹ̀rín pa mí, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Mo jókòó, mo bó pákí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo lọ Ìbàdàn, mo sì dúró láàárín àwọn ọmọbìnrin. Irun orí mi tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ ló fà á tí ọkùnrin kan láàárín òǹwòran fi pariwo pé, "Ẹ yọ ọmọkùnrin yẹn kúrò láàárín wọn o!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ká ní tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá ti wọ inú ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé òun náà ò mọ̀ mí, Tíṣà ò mọ̀ mí, ṣùgbọ́n èmi mọ ara mi, mo sì fẹ́ràn ara mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n fun fèrè, mo sì gbéra. Ẹnìkan ṣáájú mi dé ìparí. Mo di mọ́ ọn, a jọ ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ayé ti yí padà díẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin náà ń sá eré ọ̀nà jíjìn báyìí, wọ́n sì ń fi bàtà tó dáa sá a. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń pín wọn sí ọ̀tún àti òsì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ò yéé bi mí léèrè ọkọ. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní eré sísá nírọ̀lẹ́, Kóòṣì ni wọ́n ń pè mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kékeré kan tẹjú mọ́ mi títí, ó ní, "Kóòṣì, ṣé ọkùnrin ni yín ni àbí obìnrin?"

Mo ní, "N kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ dúró dè mí o, mo fẹ́ so okùn bàtà mi."