Áàpù Sààrì Tí Mo Fi Ń Wá Líǹkì

Orúnkún ọ̀tún ìyá mi ni gbogbo wàhálà yìí ti ṣẹ̀. Wọ́n ti ń ta ọṣẹ dúdú ní Ọjà'ba kí wọ́n tó bí mi, ilé wa ní Bẹẹrẹ ni wọ́n sì ti máa ń sè é. Láti Bẹẹrẹ, èèyàn á kọ́kọ́ gun òkè Mápó, lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́jà. Gígun òkè náà kò ni ìyá mi lára tó sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé ibi tí ọ̀nà ti dà sísàlẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á di ògiri ilé onílé mú, wọ́n á ní ọkọ̀ ni àwọn ń wò. Kò sí ọkọ̀ kankan tí wọ́n ń wò. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n yé gbé ẹrù gba ọ̀nà yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ náà yóò dá iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún gbé igbá ọṣẹ lérí.

Èmi ni àbígbẹ̀yìn wọn, iṣẹ́ ìkànnì ayélujára ni mo sì ń ṣe. Mo ní yàrá kékeré kan ní Òkè Pádi tí mo ti ń bá àwọn ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìkànnì. Mo wá sọ fún ara mi pé ọmọ tó mọ irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ máa wo ìyá rẹ̀ níran kí ó máa di ògiri mú kiri. Mo ṣe ìkànnì fún ọṣẹ náà. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lórí ewé, mo kọ bí wọ́n ṣe ń sun èèpo kòkó, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń fi àdí sè é. Àdéhùn èmi àti ìyá mi ni pé bí oníbàárà bá ti ń ti orí fóònù wá dáadáa, wọn yóò fi ìsọ̀ Ọjà'ba sílẹ̀, wọn yóò jókòó sílé máa se ọṣẹ wọn, èmi yóò sì máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó bá rà á. Wọ́n gbà kíákíá. Mo rí i lójú wọn pé torí wọn ò gbà pé ó lè ṣeé ṣe ni wọ́n ṣe gbà.

Kò sì ṣeé ṣe lóòótọ́. Bí èèyàn bá wá ọṣẹ dúdú lórí ayélujára, tiwa kì í jáde. Àwọn tó ń jáde ni àwọn tó rọ ọṣẹ sínú ike tí wọ́n ya òdòdó sí lára, àwọn tí mi ò rò pé èéfín èèpo kòkó ti kó sí lójú rí láyé wọn. Inú bí mi débi pé mo pa kọ̀ǹpútà dé. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa ló mọ ohun tó fà á. Ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn wá nǹkan lórí ayélujára máa ń wò ó bóyá àwọn ìkànnì mìíràn ń tọ́ka sí tìrẹ. Líǹkì là ń pe ìtọ́ka yẹn: èèyàn tẹ̀ ẹ́ lórí ìkànnì ẹlòmíràn, ó gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ. Bí wọ́n bá ń tọ́ka sí ọ lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀rọ náà á gbà pé èèyàn pàtàkì ni ọ́, á gbé ọ sókè níbi tí gbogbo ayé á ti rí ọ. Kò sí ẹni tó ń tọ́ka sí tiwa. Ta ló fẹ́ tọ́ka sí igbá ọṣẹ?

Ọgbọ́n kan wà tí àwa oníṣẹ́ yìí máa ń dá sí i. Wàá ṣe áàpù kan tó wúlò, wàá fi ta gbogbo ayé lọ́rẹ, wàá wá rọra bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹni tó bá gbé e sórí ìkànnì rẹ̀ jọ̀ọ́ fi líǹkì tìrẹ sí i. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ wà lọ́nà. Oṣù ààwẹ̀ ń bọ̀ nígbà náà, mo wá ń rò ó pé kí ni àwọn èèyàn wa máa ń wá jù nínú ààwẹ̀. Ẹni tí yóò jí wọn sí sààrì ni. Áàpù tó ń kéde àkókò ìrun pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aago lásán ni wọ́n. Èèyàn á pa á, á yí ẹ̀gbẹ́ padà, á sùn lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ló máa ń jí gbogbo agbo ilé wa. Wọ́n á dúró sí àárín àgbàlá, wọ́n á máa pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní fi ẹni náà sílẹ̀ títí yóò fi dáhùn. Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn tí èèyàn ń gbọ́ kó tún sùn padà.

Mo gbé fóònù sí ìyá mi lẹ́nu lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gé ọṣẹ.

"Ta ni kí n máa pè?" ni wọ́n bi mí.

"Ẹ ṣáà máa pe gbogbo èèyàn, Màámi."

"Gbogbo èèyàn kì í dáhùn." Wọ́n nu ọwọ́. "Ó dáa. Jẹ́ n pè wọ́n bíi pé wọ́n ti ń bí mi nínú."

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. "Ẹ dìde o, sààrì ti tó. Ìwọ tó o borí mọ́lẹ̀ yẹn, mo rí ọ. Bí ebi bá ń pa ọ́ lọ́sàn-án, má wá bá mi o." Mo ṣe é tó fi jẹ́ pé bí o kò bá tètè tẹ fóònù, ohùn náà á máa le sí i ni. Nígbà ìṣínu, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ rọra mu omi. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa." Mo fi gbogbo àkókò sààrì àti ìṣínu ti Ìbàdàn sí i, mo gbé e sórí ìkànnì ọṣẹ, mo sì fi ránṣẹ́ sí àwọn mọ́ṣáláṣí, ilé kéwú àti ẹgbẹ́ alásàlátù tó ní ìkànnì. Mo kọ ọ́ sí i pé ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi fi líǹkì wa sí abẹ́ rẹ̀.

Ààwẹ̀ kò tíì dé ìdajì tí áàpù náà fi gba ìgboro. Mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi nínú ọkọ̀, mò ń gbọ́ ọ lójú fèrèsé àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ìyá onílé mi ní Òkè Pádi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà jẹ, ní áàpù náà ló ń jí òun sí àdúrà òwúrọ̀, àti pé obìnrin inú rẹ̀ máa ń dẹ́rù ba òun díẹ̀. Inú mi dùn. Mo ṣí kọ̀ǹpútà kí n wo líǹkì tó ti wọlé. Ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì fi í sí ìkànnì ilé ìwé kan tí mò ń bójú tó.

Mo kọ́kọ́ rò pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe wèrè. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé àwọn tó ń gbé orin sínú fóònù fún èèyàn ní Oríta-Mẹ́rin ti gba áàpù náà, wọ́n sì ń gbé e láti fóònù dé fóònù. Ẹni tó gbà á níbẹ̀ kò ní ohun tó ń wá lórí ìkànnì kankan. Èyí kò tíì dùn mí tó èyí tí mo rí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá kan ti gbé áàpù náà sórí ìkànnì tiwọn. Wọ́n ti yọ líǹkì wa kúrò lábẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ ọṣẹ kúrò, wọ́n yọ Bẹẹrẹ pàápàá kúrò. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni pé ẹnì kan ló ṣe é nítorí Ọlọ́run, kí gbogbo ẹni tó bá gbà á ṣàdúrà fún un. Gbogbo ilé kéwú àti ẹgbẹ́ alásàlátù tí mo fi ránṣẹ́ sí ló wá fi líǹkì tọ́ka sí mọ́ṣáláṣí yẹn. Gbogbo líǹkì tí mo ti ń lá àlá rẹ̀ ló lọ síbẹ̀. Mọ́ṣáláṣí náà kò sì ta ọṣẹ.

Mi ò dúró gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo gun ọ̀kadà, mo lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ náà. Ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ń gbé àwọn kẹ́ẹ̀gì omi ìṣínu síta nígbà tí mo dé. Ó gbé wọn kalẹ̀, ó kí mi, ó fi àga lọ̀ mí kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá. Nígbà tí mo sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti ń retí ọpẹ́.

"Àwa la yọ ọ́, Àǹtí. A jókòó lé e lórí gan-an."

"Kí ló dé tí ẹ yọ ọ́?"

"Nítorí láádá yín ni. Ẹ ṣe sàárà ńlá báyìí, àdírẹ́ẹ̀sì wá wà níbẹ̀, ìpolówó ọṣẹ tún wà níbẹ̀. Ṣekárími á wọ inú ẹ̀. Ààfáà wa ní kí á bá yín bò ó, kí iṣẹ́ rere yín má bàa bàjẹ́."

"Mi ò ṣe sàárà kankan."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí èèyàn mọ̀."

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé tó ni ọ̀wọ̀ mi ń pọ̀ sí i lójú rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Ó ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ mi wu òun. Ó kù díẹ̀ kí n bú sẹ́kún níwájú rẹ̀. Níkẹyìn mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun bò: orúnkún ìyá mi tó ni ohùn náà, òkè Mápó, dókítà, àdéhùn wa, líǹkì tí mo torí rẹ̀ ṣe áàpù. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní àwọn yóò dá líǹkì náà padà bí mo bá fẹ́, àwọn kò ní dá mi lóró.

"Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ohùn léèrè," ló wí. "Ìyá náà là ń ṣàdúrà fún lẹ́yìn ìrun."

Ọjà'ba ni mo gbà lọ tààrà. Láti òkèèrè ni mo ti rí èrò tó yí ìsọ̀ ìyá mi ká, mo sáré, mo rò pé wọ́n ti ṣubú. Wọn ò ṣubú. Ẹnì kan ló gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn, ó sì dá ohùn náà mọ̀, ni wọ́n bá ń pe ara wọn wá. Alápatà kan tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ dúró níwájú wọn bí ọmọ ilé kéwú.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń ní ẹ rí mi níbi tí mo borí mọ́lẹ̀?" ló bi wọ́n.

"Ṣé irọ́ ni mo pa?" ni ìyá mi wí.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n sì ń ra ọṣẹ. Mi ò ní purọ́, wọ́n ń rà á gan-an. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí mo fẹ́ kí ìyá mi fi sílẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rà á. Mo dúró sẹ́yìn èrò náà, mi ò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Lẹ́yìn ìṣínu, ìyá mi jókòó sórí ẹní, wọ́n ń fi òrí pa orúnkún. Mo sọ ohun tí akọ̀wé wí fún wọn. Mo ní kí wọ́n ṣáà sọ pé àwọn fọwọ́ sí i.

"Bí wọ́n bá dá a padà, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Àwọn èèyàn á rí ọṣẹ yín lórí ayélujára, ẹ̀yin náà á sì jókòó sílé bí a ṣe jọ sọ ọ́."

"Àwọn tí mò ń jí ńkọ́? Wọ́n á ní ọṣẹ ni mò ń polówó fún àwọn ní sààrì."

"Màámi, torí ọṣẹ náà la ṣe ṣe é."

"Ìwọ lo torí ọṣẹ ṣe é." Wọ́n dáwọ́ òrí dúró. "Mi ò dé Mẹ́kà. Mi ò kọ́ mọ́ṣáláṣí, mi ò gbẹ́ kànga fún ẹnikẹ́ni. Ohùn yìí ni mo rí fi ṣe sàárà láyé mi, ìwọ lo sì bá mi fi ṣe é. Má lọ gbà á padà lọ́wọ́ mi."

Mo fẹ́ sọ pé orúnkún wọn kò mọ sàárà, ṣùgbọ́n fóònù mi ni mo fà yọ. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé pé kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó fi àdúrà gígùn fèsì, inú sì tún bí mi sí àdúrà náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá mi wé gèlè, wọ́n sì gbé igbá. Mo gba igbá náà lórí wọn, wọ́n sì jẹ́ kí n gbà á, èyí tí wọn kì í ṣe tẹ́lẹ̀. A gun òkè Mápó. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti dà sísàlẹ̀ sí Ọjà'ba, wọ́n dúró, wọ́n na ọwọ́ di ògiri mú.

"Kí lẹ̀ ń wò, Màámi?"

"Ọkọ̀ ni," ni wọ́n wí.

Kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú igbá lórí, èmi náà sì ń wò ó.