Ìyá Agbẹ̀bí Ò Gbà Pé Ẹ̀rọ Orin Ti Kú

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Ìyá Agbẹ̀bí ládùúgbò wa, ọ̀rọ̀ télọ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Télọ̀ yìí fi aṣọ ìnujú wé ẹ̀rọ orin rẹ̀ kékeré wá bá Ìyá nínú yàrá tó ti ń tún ẹ̀rọ orin ṣe, ó ní ó ti kú láti àná, gbogbo ibi tí òun tẹ̀ lára rẹ̀, kò dá òun lóhùn. Kí Ìyá tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, inú ti ń bí i.

"Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi gbẹ̀bí. Nínú yàrá yìí, èmi ni mo máa ń sọ ẹni tó kú. Ṣé ó ti jẹun?"

Télọ̀ ní òun ti fi í sí ṣájì. Ìyá wọ awò ojú, ó rí bọ́tìnnì tín-ínrín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n fi ń tì í pa kí ó má baà dáhùn bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́, ó fi èékánná tì í padà. Orin bú jáde.

"Kò sí ohun tó ṣe é," ni Ìyá wí. "Àpò ṣòkòtò tó o rán ló há jù, òun ló tì í pa."

Ìyá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà ò kan ògiri. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá wọlé ló ń kọ káàdì ìtọ́jú fún bí aláìsàn. Bí etí kan ò bá dún, á kọ́kọ́ pààrọ̀ íápíìsì kó tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Bó bá dákú, á tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀, á kà dé ọgbọ̀n, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, wúkọ́ nígbà tí Ìyá kà dé méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan. Ìyá bẹ̀rẹ̀ látorí ení.

Kó tó dá ẹ̀rọ padà, á gba ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀ láti dán an wò: "Ó ti jẹun, ó ń mí. Ẹ máa gbé e lọ." Ọkọ rẹ̀ kórìíra èyí. Ó ní ìyàwó òun ń bá òun wí nílé, ó tún ń já lu orin òun létí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa ohùn náà rẹ́ nínú ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ìyá gbà á sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí Ìyá kú ni ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀ dákú. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, á ṣiṣẹ́ bíi tuntun.

"Ohùn ìyàwó mi wà nínú ẹ̀," ni awakọ̀ wí. "Níbo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn?" Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ó wá káàdì tí Ìyá kọ fún ẹ̀rọ náà jáde, ó ń tẹ̀ lé e. Ó pààrọ̀ wáyà ṣájì, ó fún ẹ̀rọ lóúnjẹ, ó wo bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́. Ó wá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀, ó ń kà. Ikọ́ gbé e ní méjìdínlọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Ó kà dé ọgbọ̀n, kò tàn. Ó tún un kà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni iná tàn lójú ẹ̀rọ, awakọ̀ sì ń fo orin lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan ohùn Ìyá.

"Ó ti jẹun, ó ń mí. Ẹ máa gbé e lọ."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dáhùn pé òun ti gbọ́, ó sì tún tẹ̀ ẹ́ kó lè tún un sọ.