Ṣáwà Tí Bàbá Mi Lọ Rà

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí títì ọlọ́dà tó dé Ajah. Orí omi la máa ń gbà lọ sí Èkó. Ẹni tó bá ń lọ yóò wọ ọkọ̀ ní etí ọ̀sà lẹ́yìn àdúrà àsùbáà, oòrùn á sì ti ga kó tó gúnlẹ̀. Bàbá mi ń wọ ọkọ̀ yẹn lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, torí pé iṣẹ́ púlọ́ńbà ni wọ́n ń ṣe. Ní Ìkòyí, wọ́n ń fa omi sínú ilé àwọn ẹni ńlá. Ní ilé tiwa, kànga la ti ń pọnmi bíi ti gbogbo aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń jókòó lásán. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ balùwẹ̀ kékeré kan sí ẹ̀yìnkùlé wa, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù ka orí pákó gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fa páìpù láti ibẹ̀ wọ inú balùwẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu ẹ̀rọ sí i. Agolo mílíìkì tí wọ́n fi ìṣó lu níhò ni wọ́n fi ṣe orí ṣáwà. Bí a bá ti pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù, tí a sì yí ẹnu ẹ̀rọ, omi á máa rọ̀ lé wa lórí bí òjò. Àwọn ará àdúgbò máa ń wá wò ó.

Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, Bàbá mú mi dání lọ síbi iṣẹ́ ní àkókò ìsinmi. Nínú balùwẹ̀ ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, mo rí orí ṣáwà gidi, tó ń dán bíi dígí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti kórìíra agolo wa. Mo yọ Bàbá lẹ́nu títí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń di àpò iṣẹ́ wọn, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má padà wálé láìmú orí ṣáwà gidi dání. Wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n sì bọ́ sọ́nà.

Ọkọ̀ tó ń gbé wọn bọ̀ lọ́jọ́ kejì dojú dé. Ìjì ló jà lójú ọ̀sà lọ́sàn-án gangan. Àwọn kan lúwẹ̀ẹ́ jáde, àwọn apẹja sì yọ àwọn kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi wá bàbá mi, wọn ò rí wọn, láàyè tàbí lókùú. Àpò iṣẹ́ wọn nìkan ni àwọ̀n gbé. Mo dúró ti ìyá mi nígbà tí wọ́n ń tú u: sípánà, ayùn irin, òwú, àti nǹkan kan tí bébà tó ti rin wé mọ́. Kí ìyá mi tó ya bébà yẹn ni mo ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n wo orí ṣáwà tuntun náà. Wọ́n fi aṣọ dì í, wọ́n sì tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí wọn.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo rán Bàbá.

Ìyá mi kò gbà kí àwọn ààfáà ṣe fídáù. Wọ́n ní a kì í ṣàdúrà òkú fún ẹni tí a ò rí òkú rẹ̀. Wọn ò ṣe tákàbà tí opó máa ń ṣe. Láràárọ̀, wọ́n á pọnmi kún dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á ní ẹni tó bá ti inú ọ̀sà bọ̀ gbọ́dọ̀ rí omi fi ṣan iyọ̀ kúrò lára.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró omi. Lọ́sàn-án, tí gbogbo ilé bá dákẹ́, màá gbọ́ tí omi ń rọ̀ ní balùwẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń wẹ̀. Á dúró díẹ̀, á tún rọ̀. Bí mo bá yọjú, kò sí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ilẹ̀ á tutù. Mo mọ̀ lónìí pé ẹnu ẹ̀rọ lè máa jò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó mọ ohun tó ṣe kò lè rò bẹ́ẹ̀. Mi ò wọ balùwẹ̀ yẹn mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni mo ti ń wẹ̀.

Ó tó ọdún kan. Agolo náà dípẹtà, omi pupa ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ìdí rẹ̀ já, ó sì ya àbúrò mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, níwájú orí. A gbé e sáré lọ sí dísípẹ́ńsárì. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tí a padà délé, àbúrò bàbá mi mú sípánà, wọ́n ní àwọn ń lọ yọ agolo yẹn sọnù. Ìyá mi lọ dúró dí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni ìyá mi wí. "Bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá nǹkan wọn níbi tí wọ́n fi í sí, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Àbúrò bàbá mi gbé sípánà kalẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ṣì wà lára búbà ìyá mi. Bóyá ohun tó là mí lẹ́nu nìyẹn.

Mo ní, "Ìyá mi, wọn ò ní dé. Èmi ni mo rán wọn lọ ra ṣáwà. Èmi ni mo pa wọ́n."

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Ńṣe ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Mo mọ̀ pé o rán wọn. Wọ́n ti sọ fún mi kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ojú ọmọ àwọn ti là. Iṣẹ́ ni wọ́n bá lọ. Ìwọ kọ́ lo dá ìjì sílẹ̀." Wọ́n wá wò mí dáadáa. "Láti ọjọ́ yẹn lo ti ń dá gbé e kiri?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ mú ìdì aṣọ náà jáde. Èmi ni mo gun àga, torí pé mo ti wo bàbá mi títí tí mo fi mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tú agolo kúrò, ìpẹtà ń bọ́ sí mi lójú. Mo ha ẹnu páìpù, mo wé òwú mọ́ ọn kó má bàa jò, ìyá mi di ẹsẹ̀ mi mú, mo yí ṣáwà tuntun wọ̀ ọ́, mo sì fi sípánà fún un. A yí ẹnu ẹ̀rọ, omi kò jáde. Ewé inú ọ̀sà ló dí ihò rẹ̀. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi tú wọn níkọ̀ọ̀kan, òórùn ọ̀sà sì gba gbogbo balùwẹ̀. Nígbà tí omi rọ̀, ìyá mi dúró sábẹ́ rẹ̀ tòun taṣọ, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti rì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá mi ní kí wọ́n pe àwọn ààfáà wá ṣe fídáù.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé ìró omi ọ̀sán yẹn dáwọ́ dúró. Mo kàn ṣíwọ́ sísá fún un ni. Ohun tó dùn wá jù ni pé a ò ní sàréè. Nígbà Iléyá, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń lọ ṣàdúrà lórí sàréè àwọn èèyàn wọn, etí ọ̀sà lèmi àti ìyá mi ń lọ, a ò sì mọ apá ibi tí a ó kọjú sí.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Mọ́tò lẹ fi ń lọ sí Èkó, ẹ̀ ń yí ẹ̀rọ, omi gbígbóná ń jáde. Àwọn ẹbí onílẹ̀ ti ta ilẹ̀ tán, ojú omi ni wọ́n ń tà báyìí. Ẹ̀yin náà rí ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn kún ọ̀sà. Apẹja àgbàlagbà kan, tó wà lójú omi lọ́jọ́ ìjì yẹn, fi ibi tí ọkọ̀ ti dojú dé hàn mí kó tó kú. Kì í ṣe omi mọ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kún ibẹ̀, wọ́n mọ ògiri yí i ká, ẹ̀ṣọ́ kò sì jẹ́ kí n wọlé. Ẹnu géètì ni mo dúró sí tí mo fi ṣe àdúrà mi. Bàbá tí àwa ọmọ wọn ò rí sin, àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí ti bá wa bu yẹ̀pẹ̀ lé wọn.