Báàgì Mọ̀ríámọ̀

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní ọdún 2024. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá dókítà ọpọlọ ní ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mọ̀ríámọ̀ ni ẹnì kẹrìndínlógún. Ó fi ìborùn bo orí títí dé imú.

Àlùbọ́sà ló ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún mẹ́tàlá ṣáájú, Mìkáílù ọkọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mẹ́kà, àìsàn sì pa á sọ́hùn-ún. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Báàgì rẹ̀ nìkan ló padà wálé. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lókè ọjà, Mọ̀ríámọ̀ á di òpó ìsọ̀ rẹ̀ mú, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Síbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé: kí ó ṣe hájì, kí ó sì sálámà sí ọkọ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé obìnrin kì í wọ itẹ́ òkú ọ̀hún. Ó ní ẹ̀yìn ògiri tó òun. Orúkọ rẹ̀ ti wọlé fún ọdún náà; oṣù karùn-ún ni wọn yóò gbéra.

“Ẹ̀rù ni, Mà, kì í ṣe wèrè,” Dókítà Dámilọ́lá sọ fún un. “Ẹ̀rù sì ní ìtọ́jú.”

“Ẹ rọra sọ ọ́, dókítà. Ògiri létí.”

Dókítà kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí: kí ó fa èémí sínú, kí ó ka ení dé ẹ̀rin, kí ó tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí ó wá lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́yìn náà òun yóò fún un ní oògùn tí yóò lò lọ́jọ́ ìrìn-àjò. Ó fi ìró ọkọ̀ òfuurufú sí fóònù, ó kọ́kọ́ rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí Mọ̀ríámọ̀ tún wá, ó gbé e sókè. Lẹ́ẹ̀kẹta, Mọ̀ríámọ̀ gbọ́ ọ dé òpin, kò di ohunkóhun mú.

“Dókítà, ṣé ó ti balẹ̀?”

“Ó ti balẹ̀, Mà. Ẹ káàbọ̀ sí Mẹ́kà.”

Mọ̀ríámọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Gbogbo ìgbà tó bá lọ, ó máa ń yà ní Sábó láti ra àpò àlùbọ́sà kan, kí ó lè rí nǹkan wí ní Ọ̀yọ́. Ẹnìkan ò gbọ́dọ̀ mọ̀. Anas fẹ́ fẹ́ Waliyat ọmọ rẹ̀, àwọn ẹbí Anas sì ń wádìí ìdílé lọ́wọ́. Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń wá kò ṣòro mọ̀: ta ló ti ya wèrè rí nílé yìí?

Bó ṣe ń jáde lọ́jọ́ kẹta yẹn, ó ko Ìyá Israfil, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà, tó wá bẹ aláìsàn wò.

“Háà! Ìyá Waliyat! Ṣé ibí náà ni wọ́n ti ń ta àlùbọ́sà báyìí?”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Akẹ̀sán ti gbọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bàbá Anas ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ dúró ná.

Waliyat ò pariwo. Ó kúnlẹ̀. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ mọ́.”

Mọ̀ríámọ̀ lọ bá àwọn àna. Ó purọ́ fún wọn pé aláìsàn lòun náà lọ bẹ̀ wò. Wọ́n gbà. Wọ́n so yìgì lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ó ku ẹ̀ẹ̀mẹta kó parí ìtọ́jú. Kò padà lọ, oògùn náà ò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ní oṣù karùn-ún, ó gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ òfuurufú l'Ékòó dé ìpele kẹta. Ó ka ení, ó ka èjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó di irin àtẹ̀gùn mú bó ṣe ń di òpó ìsọ̀ mú, ó ń ké orúkọ Mìkáílù, títí wọ́n fi tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò dá ọkọ̀ dúró. Báàgì rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà. Òun padà sí Ọ̀yọ́.

“Àlàájà Báàgì, ẹ kú àbọ̀ o!” Bí wọ́n ṣe ń kí i ní Akẹ̀sán títí di òní nìyẹn. Á máa to àlùbọ́sà rẹ̀ lọ.

Ìwọ tí ò ń kà á, bẹ́ǹṣì yẹn ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí o bá rí ẹni tí o mọ̀ lórí rẹ̀ lọ́la, kọjá lọ, kí o sì pa ẹnu rẹ mọ́.