Téèpù Orúnkún Ìyá Àgbà

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ físíò, iṣẹ́ àwọn tó ń tún iṣan àti oríkèé ṣe, ní yunifásítì. Wọ́n ní ẹni tí kì í wá sí kíláàsì ò lè jókòó ṣèdánwò. Èmi náà bínú, mo ní mi ò ṣe mọ́, bí ẹni pé wọ́n á wá bẹ̀ mí. Wọn ò wá o. Ni mo bá padà sílé ìyá àgbà mi ní Mọdákẹ́kẹ́, mo ń jẹ, mo ń sùn.

Aromọléegun ti ba orúnkún Ìyá Àgbà méjèèjì jẹ́. Etí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń kírun, wọ́n á kàn tẹ orí ba. Ìyẹn ló ń dùn wọ́n jù. Nígbà tí àbúrò ìyá mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Japan wá fi téèpù kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ oríkèé tó ń dunni ránṣẹ́, tó ń fà bíi rọ́bà, tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn, Ìyá Àgbà ní, "Bí mo bá ti lè forí kanlẹ̀ ní yídì Iléyá yìí, ó tó mi."

Èdè Japan ló wà lára páálí ẹ̀. Àwòrán nìkan ni mo rí wò, síbẹ̀ mò ń mi orí bíi dókítà àgbà.

Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúnkún Ìyá láàárọ̀, ó ṣí nírọ̀lẹ́. Mo tún un lẹ̀, ó tún ṣí. Àṣé wọ́n ń fi òrí pa orúnkún náà ní kọ̀rọ̀.

"Ìyá, mo ní kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan pa á!"

"Ṣé òrí náà ni nǹkan? Kí n tó bí ìyá ẹ ni mo ti ń fi para."

"Kò lè lẹ̀ mọ́ ọ̀rá!"

"Kí wọ́n tó kọ́ ẹ débẹ̀ lo sá wálé, àbí?"

Inú bí mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi ọṣẹ fọ orúnkún náà, mo wá fa téèpù le bí ẹni ń so ẹrù mọ́ ọ̀kadà. Ó lẹ̀ lóòótọ́. Ìgbà tí mo ṣí i, awọ bá a lọ.

"Ṣé èmi ni àgbò Iléyá tó o fi ń bó mi láwọ?"

Bá a ṣe ń dúró kí ojú ibẹ̀ jinná, mo gé téèpù náà lẹ̀ mọ́ ojúgun ara mi, mo gbé e lọ sórí pápá bọ́ọ̀lù, ọjọ́ mẹ́ta léra. Kò sóhun tó ń ṣe mí. Mo kàn fẹ́ káwọn èèyàn bi mí pé kí nìyẹn ni. Wọ́n bi mí, àwọn tá a ń bá gbá sì gbá góòlù mẹ́rin wọlé wa.

Iléyá ku ọ̀la kí n tó ṣe é dáadáa. Mo ní kí Ìyá ká ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo tẹ́ téèpù jẹ́jẹ́ yí ọmọrí orúnkún ká, mi ò fà á jù. Wọ́n dìde, wọ́n sọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún.

"Ó ṣì ń dùn mí o, àmọ́ ó ti fúyẹ́." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n na ẹsẹ̀ òsì sí mi. "Ó yá, ṣe èkejì."

Èyí tó kù nínú páálí ò gùn ju ìka mi lọ. Mo sọ fún wọn pé ojúgun mi ló gba ìyókù lọ sórí pápá. Wọ́n gbìyànjú láti forí kanlẹ̀ lórí ẹní: ẹsẹ̀ ọ̀tún gbà, ti òsì kọ̀. Èjìká mi ni wọ́n dì mú dìde.

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo gbé àga tẹ̀lé wọn lọ sí yídì. Nígbà tí gbogbo ayé forí kanlẹ̀, mo yọjú wẹ̀yìn, mo sì rí i pé láàárín àwọn obìnrin, Ìyá nìkan ló jókòó gangan. Mo dá orí mi padà sílẹ̀. Orúnkún mi méjèèjì ò tiẹ̀ dùn mí rárá, inú sì ń bí mi sí orúnkún ara mi.