Ilẹ̀ Tútù Ilé Míṣọ̀n

Mo ṣì kéré nígbà náà, n kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, nígbà tí bàbá mi wa mọ́tò kan wálé láti Nathan Way, tí gbogbo ará ilé wa ní ẹ̀bá Tavy Bridge, ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, sì yọjú láti òkè wá wò ó. Káńpà ni wọ́n ń pè é. Mọ́tò ni, ilé sì ni: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, kọ́tìnì aláwọ̀ ọsàn sì wà lójú fèrèsé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń wọ bàálù lọ sí Spéìn fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó fi wá rẹ́rìn-ín. Káńpà náà ti gbó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí àfi tí èèyàn bá fi ìdí tì í. Aládùúgbò wa kan bi bàbá mi bóyá ó fẹ́ fi ilé kánsù tí ìjọba fún wa sílẹ̀ fún òun.

Mẹ́káníìkì ni bàbá mi, òun fúnra rẹ̀ ló tún mọ́tò náà ṣe. Alàgbà ni nínú ìjọ aládùúrà wa ní Woolwich, kì í sì í fi àdúrà ṣeré. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, tí dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS. Tí ìrora àìsàn náà bá ti dé, gbogbo eegun ara ni yóò máa ro ó, a ó sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. A ti gbààwẹ̀ títí, a ti ṣe ìṣọ́ òru. Ọmọ Spéìn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ fún bàbá mi pé ilé míṣọ̀n àtijọ́ kan wà lórí òkè nítòsí ìlú àwọn, pé ibẹ̀ ni àwọn àlùfáà ti ń gbéra láyé ọjọ́un lọ wàásù lókè òkun, pé àwọn aláìsàn sì máa ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú bàbá mi.

Ìyá mi kò lè bá wa lọ, torí ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ó mú mi lọ sí Powis Street, ó ra sọ́ọ̀kì tó nípọn, ó kó wọn lé mi lọ́wọ́.

"Òtútù ló máa ń fà á," ó ní. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tutù rárá. Daddy yín máa gbàgbé. Ìwọ ni mummy ẹ̀ níbẹ̀, you hear me?"

Mo ní, "Yes, Mummy, mo ti gbọ́."

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde la gbéra. Ọkọ̀ ojú omi ńlá gbé àwa àti káńpà wa sọdá òkun, ó di ọ̀nà Spéìn. N kò ní parọ́ fún yín, ìrìn àjò náà dùn. Bàbá mi se ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó jóná nídìí, a sì jẹ ẹ́ tán. Àbúrò mi ń ka màlúù lójú fèrèsé. Tí a bá fẹ́ sùn, èmi ni mo ń wọ sọ́ọ̀kì fún un, méjì lórí ara wọn, tí n ó sì fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ti móoru.

Òkúta ni gbogbo ilé míṣọ̀n náà, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé oòrùn kò mọ ọ̀nà inú rẹ̀. Bí a ṣe débẹ̀, èémí ẹnu wa ń jáde bí èéfín. Bàbá mi ti wọ sùtánà funfun rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ohun tí gbogbo ọmọ aládùúrà ti mọ̀ kí wọ́n tó mọ ABD.

"Ẹ bọ́ bàtà yín. Àti sọ́ọ̀kì. Ilẹ̀ mímọ́ nìyí."

Mo bọ́ tèmi. Ilẹ̀ náà tutù bíi yìnyín. Àbúrò mi ń wò mí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, gbólóhùn kan péré ni: Daddy, Mummy ní kó má bọ́ sọ́ọ̀kì. Mo lanu, n kò rí i sọ. Ẹ̀yin ọmọ, kò sẹ́ni tó nà mí, kò sẹ́ni tó dè mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í kọ́ bàbá rẹ̀, pàápàá nínú ilé Ọlọ́run, tí bàbá ọ̀hún bá tún jẹ́ alàgbà. Mo kúnlẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi bọ́ sọ́ọ̀kì náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Màmá àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú ilé náà, ó wọ kóòtù, ó kó kọ́kọ́rọ́ dání. Kò gbọ́ èdè wa, àwa náà kò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó rí ẹsẹ̀ àbúrò mi, ó nàka sí i, ó nàka sí bàtà, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ara rẹ̀ mọ́ra, ó ń gbọ̀n. Ó yé mi kedere. Bàbá mi rò pé ó fẹ́ lé wa ni. Ó tẹrí ba fún un, ó ní, "It's okay, Mama. House of God." Obìnrin yẹn tí kò gbọ́ èdè wa gbìyànjú jù mí lọ.

Bàbá mi gbàdúrà. Ó ka sáàmù, ó kọrin, ó dojú bolẹ̀ lórí òkúta, ó ń bẹ Ọlọ́run kó yí ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun padà. N kò rí i kó sunkún rí àfi ọjọ́ náà. Yóò tó wákàtí kan àbọ̀. Àbúrò mi fà mí láṣọ.

"Sister mi, my legs are hurting."

Mo ní kó dákẹ́, kí Daddy parí ná. Ó dákẹ́. Mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí itan mi, mo ń fọwọ́ ra á. Nígbà tí bàbá mi yóò fi ṣe àmín, ọmọ náà kò lè dìde mọ́.

A gbé e wọ káńpà, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń ṣẹ́ léegun. Bàbá mi, tó jẹ́ pé etí lásán ló fi ń mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò, kọ́kọ́rọ́ ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ibi tí ọsibítù wà, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè rẹ̀ níbẹ̀. Màmá yẹn ló wọlé jókòó tì í, tó ń fọwọ́ júwe ọ̀nà títí a fi dé. Mo wọ sọ́ọ̀kì fún àbúrò mi lójú ọ̀nà, mẹ́ta lórí ara wọn. Kò wúlò mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò lọ́hùn-ún. Kò kú, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n eegun ìbàdí rẹ̀ kan bàjẹ́, ó sì ń tiro títí dòní. Bàbá mi ta káńpà náà. Kò fi àdúrà sílẹ̀, àmọ́ láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ sọ́ọ̀kì fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a sọ ọ́.

Ó tó ogún ọdún lẹ́yìn náà kí ìyá mi tó ṣèèṣì sọ lójú èmi àti bàbá mi pé èmi lòun fi ẹsẹ̀ ọmọ náà lé lọ́wọ́. Bàbá mi yíjú sí mi.

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Daddy, ẹ ń gbàdúrà lọ́wọ́."

 

Ayé ti yí padà. Àbíkẹ́yìn mi tí mo bí sí Thamesmead níbí kì í fi "ẹ" pè mí, "o" ló ń pè mí bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní n kò tọ́ ọ, pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì ti gbìyànjú títí, ó ti sú mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, àdúrà ń lọ lọ́wọ́, gbogbo wa wà lórí eékún, ó fà mí láṣọ. "Mummy, stand up jàre. Come." Alàgbà wò mí, àwọn ìyá ìjọ wò mí. Kí n tó mọ̀, mo ti dìde, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, mo tẹ̀lé e jáde.

Omi lásán ló fẹ́ mu.